Ohùn Tí Mo Fi Abẹ Gé

Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, lábẹ́ ìwé ìfẹ̀yìntì àti gíláàsì ojú tí mi ò lò mọ́, irin kékeré kan wà tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró kan sí àárín rẹ̀, wọ́n sì la ojú abẹ kan dábùú rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi rí i lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, kí lẹ fi ń ṣe?" Mo ní òun la fi ń gé ohùn. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni, torí òun náà ń gé ohùn lójoojúmọ́, kò sì sí irin kankan lọ́wọ́ rẹ̀ àfi máúsì.

Ohùn fíìmù ló ń tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà, nínú yàrá tó kọjú sí ibi tí mo máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti kọ́ ara rẹ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n irin yẹn ló jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa sọ̀rọ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn tí a ti jọ gbé inú ilé kan fún ọdún mẹ́ta láìsọ ju "ẹ káàárọ̀, sà" àti "ṣé o ti jẹun" lọ.

Ọdún 1974 ni mo wọṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní Ìbàdàn. Ọmọ ọdún 22 ni mí. Iṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì ní ìlú yẹn, torí ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù October, ọdún 1959. Gbogbo ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn nígbà náà ló ń rìn bí ẹni pé òun gan-an ló yí bọ́tìnì àkọ́kọ́. Èmi náà rìn bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, kí ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ tó gba ìrìn náà lẹ́sẹ̀ mi.

Ọ̀gá yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní bí ẹnu bá ti ń sọ̀rọ̀, etí a máa sùn. Nagra ló máa ń gbé kọ́ èjìká jáde, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tí Stefan Kudelski, ọmọ Poland tó fi Switzerland ṣe ilé, dá sílẹ̀. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjìlá ló ń jẹ, nígbà tó bá sì fi máa di ọ̀sán, okùn rẹ̀ á ti fi àpá sí ènìyàn léjìká. Sẹntimítà 19 ni tẹ́ẹ̀pù rẹ̀ ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Bí ènìyàn bá sọ pé "kọ", ìró kan péré, kò ní gbà tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Lórí tẹ́ẹ̀pù, ìyẹn ò ju nǹkan bíi sẹntimítà mẹ́rin lọ. Ó ṣeé mú dání. Mo ti fi ìka méjì mú ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn dání rí, mo gbé e sí iná wò, mi ò sì rí nǹkan kan lára rẹ̀ ju àwọ̀ irin tó dípẹtà lọ. Bẹ́ẹ̀ ìpẹtà irin náà ni wọ́n fi ń kun tẹ́ẹ̀pù lóòótọ́.

Níwọ̀n bí ojú ò ti rí nǹkan kan, etí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. A ó fi ọwọ́ méjèèjì yí àgbá tẹ́ẹ̀pù náà síwá sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, ohùn á máa kùn bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, títí a ó fi dé ibi tí "k" ti ń fọ́ jáde lẹ́nu. A ó fi pẹ́ńsù ọ̀dà sàmì síbẹ̀, a ó tẹ́ ẹ sínú irin, a ó fi abẹ gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ìdí tí a fi ń gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀ ni pé ohùn kan á yọ́ wọnú èkejì. Bí a bá gé e dábùú ṣánṣán, etí lè gbọ́ ibi tí wọ́n ti so ó. Abẹ náà kò sì gbọdọ̀ mú òòfà. Bí abẹ bá ti mú òòfà, gbogbo ibi tó bá gé ni yóò máa dún "tọ́", àṣìṣe tí mo ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì mi nìyẹn. Ọ̀gá ò bá mi wí. Ó kàn jẹ́ kí n gbọ́ ọ láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Èémí náà ńkọ́? Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo yọ gbogbo ibi tí baba kan tó ń ka ìròyìn ti mí kanlẹ̀, mo jù wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ ọ, ó dà bí òkú tó ń ka ìròyìn. Ọ̀gá ní kí n dá èémí baba náà padà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rákò lábẹ́ tábìlì di aago mẹ́jọ alẹ́, tí mò ń ṣa èémí ènìyàn nílẹ̀ láàárín eruku, tí mo sì ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ẹ̀rọ láti mọ èyí tó jẹ́ ti ìparí gbólóhùn àti èyí tó jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀. Èémí ìbẹ̀rẹ̀ máa ń gùn jù. Mo mọ̀ ọ́n di òní.

Ó tún kó àwọn agolo kan jọ sórí pẹpẹ. Mo rò pé orin ló wà níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Gbogbo ibi tó bá ti lọ gbohùn, yóò ní kí gbogbo ènìyàn panu mọ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú, yóò sì gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀: ìdákẹ́jẹ́ yàrá tí fáànù ń yí nínú rẹ̀, ti ààfin, ti abẹ́ igi ọ̀dán ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú ohùn ẹni tó jókòó ní ààfin, ìdákẹ́jẹ́ ààfin ni yóò fi dí àlàfo náà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọmọ yín: ẹ yọ ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ má fi nǹkan kan dípò rẹ̀. Ibẹ̀ á ṣófo bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bo ayé lórí lójijì. Iṣẹ́ yìí ni mo kọ́kọ́ rí i pé ọmọ ọmọ mi ò mọ̀, òun ló sì kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí fídíò U-matic dé, abẹ di ohun ìgbàgbé, torí wọn kì í fi abẹ gé tẹ́ẹ̀pù fídíò. Láti inú ẹ̀rọ kan sínú ẹ̀rọ kejì la ń da àwòrán àti ohùn, ní títẹ̀léra, bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù. Bí o bá to ogójì ìṣẹ́jú tán, tí o wá rántí pé ọ̀rọ̀ kan gùn jù ní ìṣẹ́jú karùn-ún, o ti wọ gàù. Ọ̀nà méjì péré ló sì wà fún ohùn. A fi ọ̀rọ̀ sí ọ̀kan, a fi orin sí èkejì. Bí òjò bá tún ní láti rọ̀, a ó kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ àti orin pọ̀ sórí tẹ́ẹ̀pù mìíràn kí òjò tó ráyè. Gbogbo ìgbà tí a bá sì ti dà á, ariwo tẹ́ẹ̀pù ń pọ̀ sí i. Tó bá di ìdàkọ kẹta, á ti máa dún bí ẹni pé wọ́n ń dín àkàrà lẹ́yìn ọ̀rọ̀.

Mo fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa ṣe bojúbojú. Mo kó lọ sí Sùúrùlérè ní Èkó. Náírà ti ṣubú lẹ́yìn ọdún 1986, àwọn òṣèré tíátà tó ti ń ya fíìmù gidi, tí wọ́n sì ń gbé e lọ fọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ò lágbára rẹ̀ mọ́. Kámẹ́rà VHS gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹ ya eré lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kó o tọ edítọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó tó di oṣù tó tẹ̀lé e, káṣẹ́ẹ̀tì ti délẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Èmi ni ọ̀kan nínú àwọn edítọ̀ tí wọ́n ń kó o tọ̀ wá, nínú yàrá kan tí a fi páálí ẹyin lẹ ògiri rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lẹ́yìn wíńdò. Mo mọ̀ pé páálí ẹyin ò lè dá jẹnẹrétọ̀ dúró. Àwọn oníbàárà ló fẹ́ràn láti máa rí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ ti ṣẹlẹ̀, ní 1996.

Eré obìnrin kan ni. Ọkọ rẹ̀ ti rìnrìn àjò fún ọdún méje, ayé ti ní kó lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ó kọ̀. Ní ìparí, ó ń fọ aṣọ, ó gbójú sókè, ó sì kígbe pé, "Ọkọ mi ti dé o!" Òṣèré náà ṣe é débi pé ẹni tó gbé kámẹ́rà dání sunkún. Ìgbà tí mo gbé e sórí ẹ̀rọ ni mo gbọ́ pé dánfó kan ti fọn fèrè lé "kọ" lórí gan-an. Fèrè ọ̀hún ò kan "ọ", kò kan "mi". Orí ìró kan yẹn ló bọ́ sí. Obìnrin náà ti lọ sí òkè òkun nígbà náà, kò sí bí a ṣe lè pè é padà wá sọ ọ́.

Mo sọ fún onífíìmù pé kó lọ sùn, màá tún un ṣe. Ìgbéraga ni, mo jẹ́wọ́. Mo lọ wá ibòmíràn tó ti pe ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, níbi tó ti ń dá àwọn ọlọ̀tẹ̀ lóhùn pẹ̀lú àárẹ̀ pé, "Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò lọ́kọ." Mo da gbólóhùn méjèèjì sórí tẹ́ẹ̀pù pẹlẹbẹ ti àtijọ́, mo gbé irin mi àti abẹ jáde, mo gé "kọ" kúrò ní ìparí èyí tó ti rẹ̀ ẹ́, mo so ó mọ́ èyí tó ti ń kígbe ayọ̀. Ibi tí mo ti so ó ò dún rárá. Ẹnu rẹ̀ nínú àwòrán bá ohùn mu. Mo gbọ́ ọ bí ogún ìgbà, mo sùn dáadáa.

Wọ́n gbé eré náà lọ fi han èrò ní gbọ̀ngàn kan ní Mushin kí káṣẹ́ẹ̀tì tó jáde. Ibi ọ̀hún kún. Nígbà tí obìnrin náà gbójú sókè, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ó kígbe. Èrò sì bú sẹ́rìn-ín débi pé àwọn kan dìde dúró.

"Ọkọ̀ mi ti dé o!" Ohun tí wọ́n gbọ́ nìyẹn.

Ohùn wa kò ní òkè àti ìsàlẹ̀ kan pàtó bíi ti dùùrù. Òkè tàbí ìsàlẹ̀ tí ìró kan wà, ojú ìró tó ṣáájú rẹ̀ la fi ń wò ó. Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé òpin gbólóhùn, pàápàá ẹni tó bá ti rẹ̀. "Kọ" tí mo mú jẹ́ ohùn àárín níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé e láti ìdí gbólóhùn aláàárẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ "ọ" tó ti ń kígbe lókè, ó sì di ohùn ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Etí mi tó gbọ́ ọ lógún ìgbà ò gbọ́ ọ, torí mo ti mọ ohun tó yẹ kó sọ. Dánfó fọn fèrè lé ọkọ obìnrin, èmi sì fi ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀. Onífíìmù ò sanwó tó kù. Mi ò béèrè.

Àwọn kan ní àdúgbò náà fi kí mi fún ọdún méjì. "Alàgbà, ṣé ọkọ̀ yín ti dé?"

Kọ̀ǹpútà tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní nǹkan bí 2001. Premiere ti Adobe, ètò tí a fi ń gé fíìmù lórí kọ̀ǹpútà, ti wà láti 1991, ṣùgbọ́n ọ̀nà Èkó jìn. Ọmọkùnrin kan ló kọ́ mi, kò tíì pé ogún ọdún, ó ń pè mí ní Dádì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gé ọ̀rọ̀ kan níbi tí kò yẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó tẹ bọ́tìnì méjì, ọ̀rọ̀ náà padà sáyè rẹ̀. Mo ní kó tún un ṣe kí n rí i. Lẹ́yìn náà ni mo jáde síta lọ dúró díẹ̀, torí mo rántí èémí baba oníròyìn yẹn àti orúnkún mi méjèèjì.

Mo sọ ohun rere tó yẹ kí n sọ: ọ̀nà ohùn kì í ṣe méjì mọ́, àkàrà ò dín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mọ́, òjò lè rọ̀ nígbà tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn ọmọ náà ò gbà gbọ́ nígbà tí mo sọ ọ́. Bí a ti ń lo ẹ̀rọ yẹn nígbà náà, ojú àwòrán nìkan la ti lè gé ohùn, àwòrán 25 ni ìṣẹ́jú àáyá kan sì ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá 40 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Lórí tẹ́ẹ̀pù mi, ìyẹn lé ní mílímítà méje, bẹ́ẹ̀ abẹ mi a máa gé ohun tí kò tó mílímítà kan. "K" wa lè fọ́ kó sì parí nínú àwòrán kan ṣoṣo. Bí a bá gé ìbẹ̀rẹ̀ "gb" lórí díẹ̀, ó lè di "b" létí ènìyàn: ẹni tó ní òun fẹ́ gbà á á dà bí ẹni tó fẹ́ bà á. Nítorí náà, fún ọdún mélòó kan, ẹ̀rọ olówó gọbọi yẹn kújú ju abẹ ìfárí lọ. Bọ́tìnì kan wà nínú Premiere fúnra rẹ̀ tó ń tú ohùn sílẹ̀ kúrò lábẹ́ àwòrán, ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni láyìíká wa tó rí i.

DaVinci Resolve ni ọmọ ọmọ mi ń lò. Ilé-iṣẹ́ Blackmagic ra Fairlight ní 2016, orúkọ kan tí àwọn ará Sydney ní Australia ti ń fi ṣe ẹ̀rọ ohùn láti 1975, wọ́n sì fi í sínú Resolve ní ọdún tó tẹ̀lé e, nínú èyí tí wọ́n ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá. Ojú ewé kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ ti ohùn nìkan. Ìgbà 48,000 ni wọ́n ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kan ṣoṣo á wá ní ibi 1,920 tí a ti lè gé e. Mo ní kó fẹ ohùn náà tóbi fún mi títí ó fi dà bí òkè Ìdànrè. Ó ṣe é. Mo ní, "Abẹ mi nìyí."

Ojú ni mò ń bá a jà lé lórí. Ó máa ń wo ohùn ju bó ṣe ń gbọ́ ọ lọ. Bí ilà náà bá ga, ó ní ohùn ti pọ̀. Bó bá tẹ́, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo ní kó pa iná ojú kọ̀ǹpútà nígbà tó bá fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tán, kó kọjú sí ògiri. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan láti tẹ́ mi lọ́rùn, ó sì rí àṣìṣe mẹ́rin.

Ọjọ́ ìlù ni a jà gan-an. Eré ìsìnkú àgbẹ̀ kan ló ń ṣe, ìyàwó àgbẹ̀ náà ń bá òkú sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e. Ó ti wá dùndún kan láti ibi tó kó ìlù jọ sí, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà, ó sì fà á wálẹ̀ bó ti yẹ. Mo jókòó síta, mo gbọ́. Ìlù náà ń sọ fún olówó kan níbi ìgbéyàwó pé kó má fọwọ́ mú owó dání. Mo wọlé, mo ní, "Ta lo pè wá síbi òkú yìí?"

Ó ní, "Bàbá, ìlù lásán ni. Mo ti fà á wálẹ̀, ẹ ò lè gbọ́ ọ tán."

Mo ní, "Bí ènìyàn bá ń bú ọ jẹ́jẹ́, ṣé kò bú ọ ni?"

Ó dákẹ́. Èkó ló dàgbà sí. Yorùbá tó ń sọ dán mọ́rán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ ọ láti gbọ́ ti ìlù. Mo ṣàlàyé fún un pé orin òyìnbó lè wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ torí kò sọ nǹkan kan. Dùndún ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì wà ní àgbègbè kan náà pẹ̀lú ti ènìyàn, nítorí náà bí a bá fi í sábẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí obìnrin bá mí ni kí ìlù wọlé. Bó bá jẹ́ pé ohun kan gbọ́dọ̀ máa dún lábẹ́ rẹ̀ ṣáá, kó lo agogo tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kó má sì gé ìlù láàárín ọ̀rọ̀ kó máa yí i po. Ìlù tí a gé láàárín ọ̀rọ̀ ń kólòlò, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Mo ní kó lọ wo Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, kó rí eré tí ìlù ti jẹ́ ènìyàn nínú rẹ̀. Ó wò ó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní àárọ̀, ìlù olówó ti kúrò níbi òkú.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ń kọ́ ọ o. Ohùn tó ga tín-ín-rín ti kúrò létí mi. Ó máa ń ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún ṣíí yẹn?" Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi tí mo ti ń gbọ́ àkàrà lórí tẹ́ẹ̀pù fún ogún ọdún, kò sí àkàrà mọ́ fún mi. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lé e lọ́wọ́ báyìí, kò sì tíì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

Ní oṣù tó kọjá, ó bá káṣẹ́ẹ̀tì VHS eré 1996 yẹn nínú àpótí mi. Ó dà á sínú kọ̀ǹpútà láìsọ fún mi. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, mo kàn gbọ́ obìnrin náà láti yàrá: "Ọkọ̀ mi ti dé o!" Ara mi bù máṣọ. Mo wọlé, mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní ṣé ká tún un ṣe. Ibì kan wà nínú Fairlight tí a ti lè gbé ìró kan sókè tàbí ká rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìfọwọ́ kan ìyókù. Ó gé "kọ" yẹn yọ sọ́tọ̀, ó gbé e sókè, ó ní kí n gbọ́.

"Ọkọ́ mi ti dé o!"

Láti ilé ìdáná, ìyàwó mi pariwo pé, "Ọkọ́ wo ló dé? Ta ló ń lọ sóko lọ́sàn-án gangan?"

A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wa. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Mo ní kó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kò tíì tó. Ó fi ìka kan ṣoṣo yí i, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yí àgbá tẹ́ẹ̀pù. Ó pa iná ojú kọ̀ǹpútà, ó ṣí ohùn sókè kó lè dé ẹ̀yìnkùlé, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin náà kígbe. A dákẹ́, a ń retí. Ẹnikẹ́ni ò fọhùn láti ilé ìdáná.